Kọ́kọ́rọ́ Ilé Onílé Ló Gbé Wa Dé Ìbàdàn

Láti ìgbà tí a ti gbé àwòrán ara wa níwájú gbọ̀ngàn Màpó sórí WhatsApp ni àwọn kan ti ń bi wá pé níbo la ti rówó. "Ẹ̀yin tí ẹ ń yá owó ọkọ̀ ní Kétu, ta ló ń sanwó òtẹ́ẹ̀lì fún yín n'Íbàdàn?" Ìdáhùn wa ò gùn. Kò sẹ́ni tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì fún wa. Ilé la bá èèyàn ṣọ́. Ọjọ́ 13 la lò ní Bódìjà, a ò san kọ́bọ̀ lórí ibi tí a sùn, a sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ tó kún fún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà padà wálé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbé wa débẹ̀ kò tọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ó gba inú ọjà Mile 12 kọjá, lóru, nígbà tí a ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ajá alájá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èdè Yorùbá la ń kọ́ ní yunifásítì. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ mọ̀ pé bí èèyàn bá dé ọdún tó kẹ́yìn, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ń dúró dè é, olùkọ́ kì í sì í gbà kó jókòó sí yàrá kó máa ṣa ọ̀rọ̀ jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. "Ẹ lọ bá àwọn tó ni ọ̀rọ̀ nílé wọn," ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa nìyẹn. Àwa mẹ́ta tí à ń kọ èyí jọ ń gbé yàrá kan ní Ìkòsí, ní Kétu. Ẹ̀ka-èdè ni gbogbo wa mú. Ọ̀kan mú Ìbàdàn, ọ̀kan mú Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta, ẹnì kẹta mú Kétu. Kì í ṣe Kétu tí kọ̀ńdọ́ ń pè nínú dánfó o. Kétu Alákétu ni, lórílẹ̀-èdè Benin, nílẹ̀ àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan náà tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó wà lára ohun ìní tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. A fi ẹnì kẹta wa ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Ọmọ Kétu ń wá owó ọkọ̀ lọ sí Kétu!"

Nígbà tí a ṣírò owó, ẹ̀rín pa. Owó ọkọ̀ ò burú jù, a lè fi ebi díẹ̀ tọ́jú ìyẹn. Ibi tí a ó sùn ló fẹ́ fọ́ wa lórí. Èèyàn ò lè ṣe ìwádìí ẹ̀ka-èdè ní ọjọ́ méjì. Àgbà tí ẹ bá lọ bá lónìí yóò ní kí ẹ padà wá lọ́la. Lọ́la, ẹ ó bá a pé ó ti lọ sóde òkú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó kéré jù, owó òtẹ́ẹ̀lì ọ̀sẹ̀ méjì sì tó owó tí à ń fi jẹun fún oṣù púpọ̀.

Láyé àwọn bàbá wa, ọ̀rọ̀ yìí ò ní le tó bẹ́ẹ̀. Bàbá á sọ fún ọmọ pé kó lọ dé sí ilé lágbájá, pé bó bá ti dárúkọ òun, wọ́n á tẹ́ ẹní fún un. Àwa náà gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹnìkan nínú wa tó wà ní Abẹ́òkúta ní yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin ń gbé. Ọ̀rẹ́ ìyá ẹnìkejì tó nílé ńlá n'Íbàdàn ti jápa, ó ti wà ní Kánádà. Nígbà tí a pè é, ohun tí ó sọ yà wá lẹ́nu. Ó ní ilé òun wà níbẹ̀, pé òun ń sanwó fún màígàdì tí kò gbé ibẹ̀ dọ́gba, àti pé ajá òun kú ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí òun lọ tán nítorí kò sẹ́ni tó rántí fún un lómi.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. Àwa ń wá ibi tí a ó sùn. Àwọn ẹlòmíràn sì wà tí ilé wọn ṣófo, tí ajá wọn ń gbó láìrí ẹni dá a lóhùn. Ǹjẹ́ kò sí bí a ṣe lè so méjèèjì pọ̀?

Nígbà tí a wádìí, a rí i pé àwọn òyìnbó ti sọ ọ́ di nǹkan. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní TrustedHousesitters, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2010. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò tí ó sì ní ajá tàbí ológbò á kọ orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ ìlú yẹn náà á kọ tirẹ̀. Onílé ò ní san owó iṣẹ́ fún aṣọ́lé, aṣọ́lé ò sì ní san owó ibùgbé fún onílé. Ilé-iṣẹ́ náà ń gba owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, àwọn onílé tí èèyàn ti bá ṣọ́lé rí á sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí sílẹ̀ nípa rẹ̀ kí àwọn onílé mìíràn lè rí i kà. Àwọn kan wà tó ń ti ìlú kan bọ́ sí ìlú mìíràn báyìí fún ọdún gbáko.

Inú wa dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà la wá rántí pé ọmọ Nàìjíríà ni wá. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń gbà. Ẹni tí kò sì tíì ṣọ́lé rí kò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rí kò lè tètè rí ilé ṣọ́. Èyí tó wá ga jù ni físà. Ní 2022, àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà dá arábìnrin ọmọ Australia kan padà ní pápákọ̀ òfuurufú Los Angeles, nígbà tí ó sọ fún wọn pé òun máa ń bá èèyàn tọ́jú ilé àti ológbò kí òun lè rí ibi sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ni, ìwé ìrìn-àfẹ́ kò sì fún un láṣẹ iṣẹ́. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Australia, ẹ fojú inú wo ohun tí wọ́n máa ṣe fún ọmọ Ìkòsí.

Ẹnìkan nínú wa ló wá sọ̀rọ̀ tó là wá lójú. Ó ní, "Kí ló dé tí a ń wá ilé ẹni tí a ò mọ̀ nílẹ̀ òkèèrè, nígbà tí a kò tíì bá ẹni tí a mọ̀ ṣọ́ tirẹ̀ ládùúgbò?"

Màmá kan ń gbé ní ìkọjú ilé wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Kànga wọn la ti ń pọnmi nígbà tí iná ò bá sí láti fi fa omi ilé wa, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ wa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ọmọ wọn obìnrin bímọ n'Íbàdàn. Ó yẹ kí Màmá lọ wẹ ọmọ, kí wọ́n sì bá a gbé fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ajá kan àti adìẹ mẹ́fà, ilé wọn sì ti ṣófo láti ìgbà tí Bàbá ti ṣaláìsí. Wọ́n á lọ lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á padà lọ́jọ́ Àìkú, ara wọn á máa ro wọ́n.

A lọ kí wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀. A ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká bá yín ṣọ́ ilé títí ẹ ó fi dé. A ó máa sùn síbẹ̀, a ó tọ́jú ajá àti adìẹ. A ò ní gbowó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bi wá ní ìbéèrè mẹ́ta. "Ta ló máa dúró fún yín? Èwo nínú yín ni mo máa dì mú bí nǹkan bá sọnù? Bí ajá mi bá kú ńkọ́?"

A ò mọ ohun tí a ó fi dá ìkẹta lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yìí sọ́kàn, nítorí gbogbo onílé ló ní wọn nínú, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta. Bàbá lándílọ́ọ̀dù wa ló dúró fún wa. Wọ́n bá wa rìn lọ sílé Màmá, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé kan tí a kọ sínú ìwé àjákọ. Inú ìwé náà la kọ ọjọ́ tí Màmá ń lọ sí, ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, iye kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún wa, yàrá tí a lè wọ̀ àti èyí tí a kò gbọdọ̀ ṣí, iye owó tí wọ́n fi sílẹ̀ fún oúnjẹ ẹran àti fún káàdì iná, àti nọ́ńbà dókítà ẹranko. Ẹnìkan nínú wa fi fóònù ya gbogbo ilé: ògiri tó ti sán, gíláàsì fèrèsé tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀, ìlà tó wà lára tẹlifíṣọ̀n. Màmá ní kí la fẹ́ fi ṣe. A ní kí ẹ lè mọ ohun tí a bàjẹ́ àti ohun tí a bá níbẹ̀. Wọ́n mirí. A rò pé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n gbà wá gbọ́.

Ajá náà ń jẹ́ Tanímọ̀la. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í déédéé sọ ajá lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wà nínú wọn tí wọn ò lè sọ lójú aládùúgbò, ajá ni wọ́n ń fi sọ. Wọ́n á bọ́ síta ní àárọ̀, wọ́n á pariwo orúkọ ajá, ẹni tí wọ́n ń bá wí á sì gbọ́. Màmá sọ fún wa pé nígbà tí owó ilé kíkọ́ tán lọ́wọ́ wọn tí òrùlé ò tíì sí, aládùúgbò kan ti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ajá tí wọ́n rà lọ́dún yẹn ni wọ́n sọ ní Tanímọ̀la. Èyí tí a bá yìí ni ẹ̀kẹta tó jẹ́ orúkọ yẹn. Aládùúgbò náà ti kó lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ ò yí padà.

Màmá ò jẹ́ kí a kàn gba kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi lọ ń fún Tanímọ̀la lóúnjẹ lójú wọn, títí ó fi dẹ́kun gbígbó mọ́ wa. Wọ́n fi káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ hàn wá, a ya òun náà. Wọ́n sì kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ fún un ní ìyókù ọbẹ̀ wa. A rò pé nítorí ata ni. Wọ́n ní rárá, àlùbọ́sà ni. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, yálà tútù tàbí sísè, ṣokoléètì náà sì jẹ́ májèlé fún un. Àwa tí à ń gbé ẹ̀gbẹ́ Mile 12, níbi tí tírélà ti ń já àlùbọ́sà àti tòmátò láti Òkè Ọya lójoojúmọ́, ọbẹ̀ wo la máa ń sè tí kò ní àlùbọ́sà? Látọjọ́ náà la ti ń se ìrẹsì àti ẹja kékeré tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn. Ilé Màmá ní tábìlì, yàrá dákẹ́, a kàwé ju bí a ti ń kà nílé wa lọ. Lẹ́yìn náà ni alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá dé.

A ra gáàsì, a sì ń gbé sílíńdà wọlé. Ẹnì kan di géètì mú, ẹni méjì gbé sílíńdà. Àwọn ọmọ ìta ju báńgà sí ojú títì, ó sì dún bí ìbọn. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Tanímọ̀la ti gba àárín ẹsẹ̀ wa jáde. A rí ìrù rẹ̀ nígbà tí ó ń yà sí kọ́nà. A ò rí i mọ́.

A pè é títí. Ẹ fojú inú wo ọmọkùnrin tó ń sáré ní Kétu lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, tó ń pariwo "Tanímọ̀la! Tanímọ̀la!" Àwọn kan ń dáhùn pé, "Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n o!" Kò pa wá lẹ́rìn-ín. A wo gbogbo gọ́tà láti Ìkòsí dé bọ́sítọ́ọ̀pù Kétu. A bi àwọn alágbàdo, a bi àwọn tó ń ta sìmù, a bi àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá. Obìnrin kan tó ń díná ẹran sọ pé òun rí ajá pupa kan tó ń sáré lọ sí ọ̀nà Mile 12. Ọkàn wa já. Títì Ìkòròdú ni ọ̀nà yẹn, bọ́ọ̀sì BRT kì í sì í dúró fún ajá.

Aago kan òru ti kọjá nígbà tí a dé ọjà. Ẹni tí kò bá dé Mile 12 lóru rí kò mọ̀ ọ́n. Àsìkò tí àwa ń sùn ni ọjà yẹn ń jí. Tírélà tò, apẹ̀rẹ̀ tòmátò ń wálẹ̀, àwọn alábàárù ń ké sí èèyàn kó yà lọ́nà. A rò pé wọ́n máa lé wa ni. Ọmọkùnrin Hausa kan tó jókòó sórí ọmọlanke rẹ̀ gbọ́ wa pé ajá là ń wá. Yorùbá rẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó dìde, ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án sábẹ́ àwọn tírélà lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ẹ̀kẹrin ló ti rí i. Tanímọ̀la ti ká jọ sí ẹ̀yìn táyà, ó ń gbọ̀n, ìgò ti là á lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan nínú wa na ọwọ́ mú un, ó bù ú jẹ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí lè gba ẹ̀mí là. Ajá tí ẹ̀rù ń bà lè bu ẹni tó ń fún un lóúnjẹ jẹ. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, a kì í fi epo pa á, a kì í fi ewé dì í ká sì máa wò ó. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn la fi ń fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ó di ilé ìwòsàn, kíá. Àrùn tí ajá dìgbòlugi ń kó ranni, bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó yè. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè gba abẹ́rẹ́, a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ omi ọjà la ti fọ ọwọ́ ọ̀rẹ́ wa, ọṣẹ tí oníṣòwò kan fún wa la lò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì bi wá ni pé, "Ajá náà gbabẹ́rẹ́?" A yọ fóònù, a fi àwòrán káàdì hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì gún un lábẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá èèyàn tọ́jú ajá tí kò bá rí káàdì yẹn, kó má gba kọ́kọ́rọ́.

Ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí a padà dé ilé Màmá. A jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnì, Tanímọ̀la sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín wa.

Ẹnìkan ní kí a má sọ fún Màmá. Ó ní a ti rí ajá, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa jinná kí wọ́n tó dé, ọdún Kérésì ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn ọmọ-ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wá létí, a ò ní purọ́. Ẹ̀rù ń bà wá. Ẹnìkejì ní gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ariwo wa, pé Màmá máa gbọ́ ọ. Ẹni tí ajá bù jẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì, ló sọ ọ̀rọ̀ tó parí ẹ̀. Ó ní, "Bí a bá fi eléyìí pamọ́, nígbàkigbà tí wọ́n bá tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, a ó máa mọ̀ pé a jí ọpẹ́ yẹn ni."

Aago méje àárọ̀ Kérésì la pè wọ́n. A sọ gbogbo rẹ̀: géètì, báńgà, Mile 12, ẹsẹ̀, ọwọ́. Màmá dákẹ́. A ń gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní, "Ta ló di géètì mú?" Ẹni náà jẹ́wọ́. Wọ́n tún dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ọwọ́ ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti gbabẹ́rẹ́?" Ìgbà tí a ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìdajì owó dókítà ajá ni tiyín, nítorí ẹ̀yin lẹ ṣí géètì. Ìdajì ni tèmi. Mo mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù báńgà, n ò sì sọ fún yín."

A san ìdajì tiwa. Ó dùn wá, nítorí owó oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti wọ inú ìwé tí à ń kọ pẹ̀lú onílé, òun gan-an la sì máa ń bi wọ́n ṣáájú: kí ni ẹran yín ń bẹ̀rù?

Ní oṣù Kejì ni Màmá ránṣẹ́ pè wá. Àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọmọ wọn ní Bódìjà fẹ́ lọ kí ọmọ wọn lókè òkun, wọ́n sì ní ológbò méjì àti òdòdó tí kò gbọdọ̀ gbẹ. Màmá ní, "Mo ti sọ ti ajá tó sá fún wọn o." Ojú tì wá. Wọ́n ní, "Kí lẹ ń tijú sí? Wọ́n ní àwọn tó lè jẹ́wọ́ fúnra wọn làwọn fẹ́."

Bí a ṣe dé Ìbàdàn nìyẹn. A wọ bọ́ọ̀sì ní Berger, a sì san owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ nìkan. Ẹ má rò pé ìgbafẹ́ gidi ni o. A kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nílé. Ìrọ̀lẹ́ ni ológbò ń jẹun, kò mọ̀ pé àgbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀. Àlejò ò sí, àríyá ò sí, a sì ń kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀ lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n a gun òkè Màpó, níbi tí gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 ti ń wo òrùlé pupa gbogbo ìlú. A dúró lábẹ́ Ilé Kòkó, tí wọ́n parí ní 1965, ọrùn wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kán níbi tí a ti ń wòkè. Ẹni tó mú Ìbàdàn nínú wa jókòó ti àwọn ìyá ní Ọjà'ba lọ́jọ́ méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń gbọ́ bí "ṣe" ti ń di "se" lẹ́nu wọn. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó dẹ́kun sísọ Yorùbá ilé-ìwé fún un. Ká ní òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ méjì la lọ ni, a ò bá ti padà kí wọ́n tó túra ká.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí àwa mọ̀ nìyí: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé tó kọjú sí tiyín. Ẹ má dá lọ sílé ẹni tí ẹ ò mọ̀, ẹ̀yin obìnrin pàápàá. Ẹ jẹ́ méjì, kí ẹnìkan tó wà nílé sì mọ àdírẹ́sì ibẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí òun tó fún yín ní ilé ṣọ́, ọ̀lẹ afọwọ́rá ni, ẹ sá fún un. Bí ilé bá jẹ́ ti ayálégbé, ẹ jẹ́ kí lándílọ́ọ̀dù gbọ́ sí i. Nǹkan kan á bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ó dájú. Ọjọ́ yẹn ni onílé máa mọ irú ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún.

Ó ku Abẹ́òkúta àti Kétu. Ti Kétu ò nílò físà, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979 jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà lè wọ Benin fún 90 ọjọ́, bí ìwé rẹ̀ bá pé. Ilé la kò tíì rí. Ọ̀rẹ́ wa tó mú Kétu ti ń bi gbogbo ẹni tó ń kó ọjà lọ sí Àjàṣẹ́ bóyá wọ́n mọ ẹnìkan tó ní ajá. Bí ẹ bá mọ ẹnìkan, ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Ní tiwa, Màmá tún ń lọ sí Ìbàdàn lọ́dún Àjíǹde yìí, ọmọ ti ń rìn. Wọ́n ti fún wa ní kọ́kọ́rọ́ lánàá, wọn ò sì béèrè oníduùró. A ti ra ṣéènì tuntun fún Tanímọ̀la. Gáàsì náà, a ti rà á lọ́sàn-án.